Wàrà, Fùkù àti Àrùn Tó Ń Ti Ara Màlúù Ran Ènìyàn

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage n'Ílọrin, tó gba Gánmọ̀ àti Amòyo kọjá, Ajàṣẹ́-Ìpo ni yóò dé, níbi tí kárà màlúù wà. Gáà Àkàńbí tí kò jìnnà sí Garage ṣì ń jẹ́ orúkọ ibùdó Fúlàní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí màlúù àti ènìyàn ti jọ ń gbé lágbègbè yìí, àrùn tí wọ́n jọ ń pín náà kì í ṣe tuntun. Bó ṣe ń rìn ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ìtàn ikọ́ ife ló ta kókó jù. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ṣàwárí kòkòrò tó ń fà á ní 1882. Ní 1898, Theobald Smith ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kòkòrò ti màlúù yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ni Koch bá dìde níbi ìpàdé ńlá kan ní London ní 1901, ó ní ikọ́ màlúù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù. Ta ni yóò já Koch nírọ́? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lọ́dún kan náà. Ó di 1911 kí ìgbìmọ̀ ọ̀hún tó parí iṣẹ́: ikọ́ màlúù ń ran ènìyàn, mílíìkì tí a kò sè sì ni ọ̀nà tó ń gbà dé ara àwọn ọmọdé.

Brucellosis náà ń gba inú mílíìkì. David Bruce rí kòkòrò rẹ̀ lára àwọn ọmọ ogun ní Malta ní 1887. Bernhard Bang ní Denmark rí irú èyí tó ń mú kí oyún wálẹ̀ lára màlúù ní 1897. Lára ènìyàn, ibà ni: á lọ, á tún padà, òógùn á bo aláìsàn lóru, oríkèé á máa ro ó. Nílẹ̀ wa, ibà lásán tàbí táífọ́ọ̀dù ni wọ́n sábà máa ń pè é, oògùn tí kò kàn án ni aláìsàn á sì máa lò.

Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà n'Ílọrin kò ka ìwé Koch. Síbẹ̀, wọ́n ń gbé mílíìkì kaná, wọ́n ń da omi ewé bọmubọ́mú sí i, wọ́n sì ń sè é títí yóò fi dì. Iná yẹn ń pa kòkòrò méjèèjì. Nọ́nọ̀, mílíìkì kíkan tí kò fojú kan iná, ni kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, kíkan tó kan kò tó.

Ní ti ẹran, inú fùkù ni ikọ́ màlúù ti sábà máa ń hàn, bíi kókó. Ìdí nìyẹn tí wolé-wolé fi ń la fùkù wò. Ní 2006, Simeon Cadmus àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé kòkòrò ikọ́ màlúù wà lára àwọn aláìsàn kan n'Íbàdàn. Lójú tèmi, a ń bẹ̀rù jù fún ẹni tó ń jẹ ẹran jíjinná. Alápatà tó ń fọwọ́ lásán tú ìfun, àti darandaran tó ń fa ọmọ jáde lára abo màlúù, ni ọ̀rọ̀ kàn jù.

Anthrax le ju àwọn wọ̀nyí lọ. Nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Ghana ní 2023, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kìlọ̀ pé ká yé jẹ pọ̀nmọ́ àti ẹran yíyan. Ní oṣù Keje, wọ́n rí i nínú oko kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger tó bá Kwara pààlà. Ilé ìwádìí ẹranko ní Vom, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Ṣùgbọ́n màlúù tó bá ti kú pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nímú àti nídìí, tí ẹ̀jẹ̀ náà kò dì, wọn kì í dúńbú rẹ̀, wọn kì í bó o. Sísun ni wọ́n ń sun ún tàbí kí wọ́n rì í jìn, torí kòkòrò yìí lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.