Cotton House, Ilé Tí CMS Grammar School Ti Ṣẹ̀ Wá

Ọgbà tí CMS Grammar School wà ní Bàrígà lónìí kọ́ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó, nínú ilé kékeré kan tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n ń pè ní Cotton House. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, gbogbo wọn ló sì ń gbé nínú ilé-ẹ̀kọ́. Kò tíì sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kankan ṣáájú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó wá di Nàìjíríà. Dòsùmú ṣì ni ọba Èkó nígbà náà. Ó di 1861 kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí orúkọ CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́, ènìyàn lè rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ló gbé e ró. James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò àti ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ló fi £50 sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1859 kí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò. Thomas Babington Macaulay, àna àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, ó sì wà lórí oyè náà títí ó fi kú ní 1878. Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí sì ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ nínú ilé kékeré yẹn kò kéré rárá: Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríìkì, ìṣirò, jẹ́ọ́gíráfì, ìtàn, Bíbélì, àní ẹ̀kọ́ nípa àròjinlẹ̀ pàápàá.

Ní 1959, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Bàrígà. Ìjọba gbà á lọ́wọ́ ìjọ nígbà tí ó yá, kí wọ́n tó dá a padà fún ìjọ Áńgílíkà ní 2001.

Ní ti àwọn ilé ayé ìgbà Cotton House, Èkó kò ṣìkẹ́ wọn. Ilé kan tó ń jẹ́ Ilojo Bar, tí àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wá láti Bràsíìlì, kọ́ ní nǹkan bí 1855 ní Tinubu Square, fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin dàgbà ju ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, òfin sì ń dáàbò bò ó. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Àdánù ńlá ni, nítorí pé a lè tún irú rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n igi àti bíríkì tí ọwọ́ àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíìlì dé tò kò ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Bàrígà tàbí Ṣómólú tó bá fẹ́ wọ inú ilé tí ó dàgbà ju ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ lè gba Badagry lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845 ṣì dúró níbẹ̀ létí ọ̀sà, wọ́n sì ń gba àlejò.