Ẹni tí Ó Sanwó àti Ẹni tí Ó Jẹun: Oúnjẹ Títà àti Ohùn Oníbàárà ní Àgbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdáná nìkan. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni pẹ̀lú. Ohun tí ó ń fi yé wa ni pé ẹni tí ó ń jẹun ní ohùn nínú ohun tí a ń sè fún un. Ṣùgbọ́n inú ilé ni òwe náà ti jẹ yọ. Nígbà tí oúnjẹ bá jáde kúrò nínú ilé tí ó di ohun títà, ta ni baálé? Ta ni ó lè sọ pé ọbẹ̀ kò dùn, pé ẹran kò tó, tàbí pé ẹni tí ó ń bu oúnjẹ kò ka òun sí, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mú nǹkan yí padà?

Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí ń gbìyànjú láti dáhùn. Àgbègbè tí a gbé e kà ni Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Èrò wa ni pé ẹni tí ó sanwó ni ẹni tí ó ń se oúnjẹ máa ń dá lóhùn, kì í ṣe ẹni tí ó jẹun. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti jẹ́ ẹnì kan náà, ẹ̀dùn oníbàárà a máa rí ojútùú nídìí ìkòkò. Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ẹ̀dùn náà a di ọ̀rọ̀ ìlú.

Olóúnjẹ kí Yunifásítì tó dé

Títa oúnjẹ sísè kì í ṣe àṣà tí òyìnbó mú wá. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1857, ṣe àpèjúwe ọjà alẹ́ ní àwọn ìlú Yorùbá, níbi tí fìtílà kéékèèké ti ń tàn káàkiri. Arìnrìn-àjò, àgbẹ̀ tí ó pẹ́ lóko àti àpọ́n tí kò ní ẹni tí yóò dáná fún un kò lè ṣe kí wọ́n má nílò ẹni tí ń ta oúnjẹ.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀nà ni ó mú kí iṣẹ́ yìí gbèrú. Kí ó tó di 1892, àwọn Ìjẹ̀bú ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà tí ó wà láàrin etí ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè. Àlejò kò lè kọjá bí ó ti wù ú. Ogun Ìmàgbọn, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ni ó ṣí ọ̀nà wọ̀nyí sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, igi gẹdú, kòkó àti obì sọ Ìjẹ̀bú-Igbó di ibi tí awakọ̀, alágbàrù àti àwọn tí ń la pákó ń wọ́ tọ̀. Ẹni tí ó ti ń la igi láti òwúrọ̀ kò lè dúró de ọbẹ̀ ilé. Nítorí náà ni àwọn olóúnjẹ fi ń tẹ̀dó sí itòsí ibùdókọ̀ àti ibi ìlapákó. Oníbàárà níbẹ̀ kì í ṣe ẹbí olóúnjẹ, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ olóúnjẹ bá há jù lónìí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni oníbàárà yóò ti jẹun lọ́la. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ohùn rẹ̀.

Kò yẹ kí a gbàgbé Ogun Waterside nínú ìtàn yìí. Ìwòpin, Mákun-Omi àti Òde-Omi wà létí omi, ẹja sì ni omi náà fi ń bọ́ àwọn ará òkè. Ẹja yíyan yìí ṣe pàtàkì nínú ìkọ́kọrẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìfọ́kọrẹ́, oúnjẹ tí a fi ń dá Ìjẹ̀bú mọ̀. Ewùrà ni a fi ń sè é. Omi ewùrà pọ̀ ju kí a fi gún iyán tí yóò ṣe é jẹ lọ. Rírin ni a ń rin ín, tí a ó sì máa ju ú ní kóro-kóro sínú omi ata tí epo, ẹja àti edé wà nínú rẹ̀. Bí kóro rẹ̀ bá yọ́ tán, tí gbogbo rẹ̀ di àṣáró, Ìjẹ̀bú gidi yóò mọ̀ pé aláìmọ̀ ni ó sè é. Ọ̀pọ̀ ń fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Ìdí tí a fi mẹ́nu ba èyí ni pé olóúnjẹ tí ó ń tà fún àwọn tí wọ́n mọ oúnjẹ náà láti ilé ìyá wọn kò lè tàn wọ́n jẹ. Ìmọ̀ oníbàárà jẹ́ apá kan agbára rẹ̀.

Gbọ̀ngàn ìjẹun ní Yunifásítì

Kí a tó dé Àgọ́-Ìwòyè, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí Ìbàdàn, nítorí ibẹ̀ ni ètò oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti 1948 tí wọ́n ti dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀, inú ọgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, inú gbọ̀ngàn ni ó sì ti ń jẹun. Owó ìjọba ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìnáwó náà. Gbogbo ènìyàn ni ó ń jẹ oúnjẹ kan náà ní àkókò kan náà. Kò sí pé ẹnì kan ń dúnàádúrà, kò sì sí pé ebi ń pa ọmọ tálákà nígbà tí ọmọ olówó ń jẹun.

Ṣùgbọ́n ta ni alásè ń dá lóhùn nínú irú ètò bẹ́ẹ̀? Àwọn aláṣẹ ni, nítorí àwọn ni ó ń sanwó fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí oúnjẹ kò tẹ́ lọ́rùn kò lè bá ìsọ̀ kejì lọ, nítorí kò sí ìsọ̀ kejì. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ pariwo. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn fi ẹ̀hónú hàn. Ọ̀rọ̀ ètò ìjẹun ní gbọ̀ngàn Nnamdi Azikiwe ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́pàá dé, ìbọn dún, Kúnlé Adépéjù, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, sì kú. Ẹ̀dùn tí olóúnjẹ ibùdókọ̀ ìbá fi ṣíbí ọbẹ̀ kan parí ni ó di ikú ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ọdún méje lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹrin ọdún 1978, ìjọba Ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi owó kún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, láti kọ́bọ̀ 50 sí ₦1.50 lójúmọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ní kí Ahmadu Ali, kọmíṣánnà fún ètò ẹ̀kọ́, kúrò lórí oyè. Ẹ̀mí tún ṣòfò. Ní 1984, ìjọba Ológun Muhammadu Buhari yọ ọwọ́ ìrànwọ́ kúrò pátápátá nínú oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́. Báyìí ni ìgbà gbọ̀ngàn ìjẹun ṣe wá sópin.

Àgọ́-Ìwòyè láti 1982

Àkókò tí ètò àtijọ́ yìí ń kú lọ ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Oṣù keje ọdún 1982 ni, lábẹ́ ìjọba Gómìnà Olábísí Ọ̀nàbánjọ, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Yunifásítì náà ní 2001. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Olubi Sodipo, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Inú ìlú ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbé, ní Àgọ́-Ìwòyè fúnra rẹ̀, ní Orù àti ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nítorí náà, a lè sọ pé ìlú ni ó di gbọ̀ngàn ìjẹun, àwọn olóúnjẹ ìlú sì di alásè Yunifásítì láìgba ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Búkà ni wọ́n ń pe ilé oúnjẹ wọn. Èdè Haúsá ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ahéré. Ètò ibẹ̀ kò rí bí ti gbọ̀ngàn rárá. Oníbàárà ni yóò sọ iye tí òun fẹ́ jẹ, yóò fi ìka tọ́ka sí ẹran tí ó wù ú, yóò sì máa wo ọwọ́ ẹni tí ń bù ú. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọbẹ̀ kún un." "Ọmọ mi, o ò rí i pé ó ti kún?" Síbẹ̀, ọbẹ̀ díẹ̀ yóò bọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ "ìyá" àti "ọmọ mi" yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu lásán. Ó ń fa olóúnjẹ padà sínú òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀: ó ń sọ ọjà di ilé, ó sì ń fún ẹni tí ó ń jẹun láǹfààní láti bẹ̀bẹ̀ níbi tí kò ti ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ.

Ohun méjì ni ó so oníbàárà mọ́ búkà kan pàtó. Èkíní ni èènì, ìyẹn ohun tí olóúnjẹ fi lé e láìgbowó. Èkejì ni àwìn. Olóúnjẹ tí ó ń kọ gbèsè akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìwé pélébé mọ ìgbà tí owó ilé ń dé, ó sì mọ ẹni tí kì í parọ́. Àwìn yìí ń dè wọ́n pọ̀ níhà méjèèjì: oníbàárà kò lè sá lọ ní kíákíá, olóúnjẹ náà kò sì lè hùwà àìdáa sí ẹni tí owó òun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ti gbogbo ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, ó hàn kedere pé àwọn olóúnjẹ gbọ́kàn lé akẹ́kọ̀ọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́kàn lé wọn.

Ọ̀rọ̀ ìnáwó

A lè fi ìnáwó dán èrò wa wò. Ìjẹ̀bú kò kẹ̀rẹ̀ nínú ṣíṣe àríyá. Nígbà kan, àwọn obìnrin ilé ni ó ń dáná òkú, ìgbéyàwó àti oyè; nísinsìnyí, alásè tí ó ń gbowó ni ọ̀pọ̀ ń pè. Olóde ni ó ń sanwó, àlejò ni ó ń jẹun. Bí oúnjẹ kò bá kárí, tàbí bí a bá gbé ẹran fún ọ̀dọ́ ṣáájú àgbà, àlejò kì í lọ bá alásè jà. Yóò dákẹ́ títí di ìgbà tí ó bá délé, kí ó tó sọ pé òun lọ sí òde lágbájá, òun kò sì rí nǹkan kan fi kan ẹnu. Orúkọ olóde ni ó bàjẹ́. Bí ó ti rí nínú gbọ̀ngàn Yunifásítì náà nìyí: ẹni tí ó jẹun kọ́ ni ó sanwó, nítorí náà ẹ̀dùn rẹ̀ kò gba ọ̀dọ̀ alásè kọjá.

Ohun tí búkà kò lè ṣe

Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ yìí dé ìhín lè rò pé búkà ni ó dára jù. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ní 1986 gbé owó ọjà sókè. Ní àkókò náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń fi nọ́ńbà mẹ́ta ka bí wọ́n ti ń jẹun lójúmọ́: 1-0-1 ni ẹni tí ó jẹ ní àárọ̀ àti ní alẹ́, 0-1-0 ni ẹni tí ó jẹ ní ọ̀sán nìkan. Gàrí Ìjẹ̀bú, tí ó kúnná tí ó sì kan nítorí ọjọ́ tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, di alábàárò ọ̀pọ̀ wọn. Omi tútù àti ṣúgà díẹ̀ ti tó.

Ẹni tí ó jẹ́ 0-1-0 kò ní ohùn ní búkà ní àárọ̀ àti ní alẹ́, nítorí kò lọ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí a ní ó jẹ́ ohùn oníbàárà kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ìyá olóúnjẹ lè ṣàánú rẹ̀, ó sì lè fún un ní àwìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó dáhùn fún ebi ọmọ ọlọ́mọ. Nínú gbọ̀ngàn, ẹni tí ebi ń pa mọ ẹni tí òun ó ké sí. Ní búkà, kò sí ẹnikẹ́ni.

Ìkádìí

Ohun tí a ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé ìtàn oúnjẹ títà ní àgbègbè yìí kì í ṣe ìtàn adùn àti ìyà ẹnu nìkan. Láti ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibi ìlapákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé búkà Àgọ́-Ìwòyè, ẹni tí ó ń fi owó ara rẹ̀ jẹun ti máa ń rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. Gbọ̀ngàn ìjẹun bọ́ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ìwọ́de ni ó fi sílẹ̀ fún ẹni tí oúnjẹ kò tẹ́ lọ́rùn. Búkà gbọ́ ohùn oníbàárà, ṣùgbọ́n ó sọ ebi di ọ̀ràn àdáni. Ẹni tí yóò bá ṣètò oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ iwájú ní láti ro méjèèjì pọ̀: kí ọwọ́ ìrànwọ́ tó ẹni tí kò ní, kí owó náà sì gba ọwọ́ ẹni tí ó ń jẹun kọjá, kí alásè lè mọ ẹni tí òun ń dá lóhùn.