Òjé, Eérú àti Ìṣirò ní Ìkángun Abossey Okai

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀yà ara mọ́tò ní Gánà, Abossey Okai ní Accra ni wọ́n máa júwe fún un. Téèyàn bá ti ibẹ̀ sọdá odò Odaw, Agbogbloshie ló kàn. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tòkunbọ̀ tó ti kú máa ń já sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọ̀dọ́, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti ìhà àríwá Gánà, ló ń tú wọn nígbà náà. Wọ́n ń dáná sun wáyà kí bàbà inú rẹ̀ lè jáde. Táyà àti fóòmù fíríìjì ni wọ́n fi ń koná. Èéfín ibẹ̀ kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó le ni kí a mọ èwo nínú májèlé ara ènìyàn ló ti inú iná náà wá, èwo ló ti ibòmíràn wá.

Lọ́dún 2008, àjọ Greenpeace gbé èsì àyẹ̀wò tirẹ̀ jáde. Wọ́n bu erùpẹ̀ àti eérú ní Agbogbloshie àti ìlú Koforidua, wọ́n sì rí i pé òjé inú àwọn kan fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju ti ilẹ̀ lásán lọ. Ìròyìn ńlá ni, ṣùgbọ́n ojú iná gan-an ni wọ́n ti bù ú. Eérú ìdí ààrò kò lè sọ bí gbogbo àdúgbò ṣe rí.

Iṣẹ́ tí èmi fẹ́ràn jù ni èyí tí Kwadwo Ansong Asante àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gánà àti Jàpáánì tẹ̀ jáde ní 2012. Ìtọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì fi wé ti àwọn tó ń gbé ibòmíràn. Wọ́n fi ọjọ́ orí sínú ìṣirò náà, kí àgbà má baà dà bí ẹni tí iṣẹ́ bà jẹ́. Irin, antimony àti òjé pọ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ; iṣẹ́ ló fà á. Arsenic náà pọ̀, àmọ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn ará Gánà níbòmíràn. Nígbà tí wọ́n tú irú arsenic náà wò, ó jọ pé ẹja òkun tí wọ́n ń jẹ ló ti wá. Ká ní wọn kò ní ẹni tí wọ́n máa fi wọ́n wé ni, iná wáyà ni wọn ì bá dá lẹ́bi.

Ní 2013, àwọn àjọ Blacksmith Institute àti Green Cross ka Agbogbloshie mọ́ ibi mẹ́wàá tó bàjẹ́ jù láyé, pẹ̀lú Kabwe, ìlú ìwakùsà òjé ní Zambia, àti Niger Delta tiwa ní Nàìjíríà. Ábídí ni wọ́n fi to orúkọ wọn, ni àwọn oníròyìn kan bá ní Agbogbloshie ló gba ipò kìíní! Òjé tó pọ̀ jù nínú erùpẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 18,125 nínú kílógíráàmù kan. 400 ni ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà gbà láyè nígbà náà. Ẹ rántí pé èyí tó ga jù lọ ni 18,125, kì í ṣe ìpíndọ́gba gbogbo wọn.

Gánà ṣe Òfin 917 lórí pàǹtí ẹ̀rọ oníná ní 2016. Síbẹ̀, ní 2019, àwọn àjọ IPEN àti Basel Action Network yẹ ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ káàkiri Agbogbloshie wò: dioxin, májèlé tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń mú jáde, inú ẹyin kan tó ìlọ́po 220 ohun tí Yúróòpù gbà kí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́.

Ní July 1, 2021, ìjọba wó ọjà àlòkù irin Agbogbloshie. Iná kò kú. Àwọn tó ń sun wáyà fọ́n ká sí àdúgbò Old Fadama tó wà nítòsí àti ibòmíràn, tí ẹni tó bá fẹ́ wọn òjé lónìí kò fi ní ojú kan ṣoṣo tí yóò ti bu erùpẹ̀ mọ́.