Ìlù Tí Kì Í Ki Ẹnikẹ́ni: Bí Ìlù Àgùdà Ṣe Wọ Ìgboro Àjàṣẹ́

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní àkókò jùbílì yìí, tí a ń ka oore tí Ọlọ́run ṣe fún ìjọ wa, ó tọ́ kí a rántí àwọn tí ó gbé ìgbàgbọ́ dé ilẹ̀ yìí. A kì í gbàgbé àwọn fadá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti dé ṣáájú wọn, tí wọ́n mú àgbélébùú bọ̀ láti òkè òkun, tí wọ́n sì mú ìlù bọ̀ pẹ̀lú. Àwọn ni Àgùdà. Orúkọ wọn yìí náà ni Yorùbá fi ń pe gbogbo Kátólíìkì: bí a bá ní ẹnì kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ó ń lọ. Nípa ìlù wọn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀, àti ìdí tí ó fi di ààyò fún àwa tí a bí sínú ilé Àgùdà àti àwa tí a kò bí síbẹ̀.

Ogun àti òwò ẹrú ni ó kó àìlóǹkà ọmọ Yorùbá kọjá òkun lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní ilẹ̀ Benin. Ní ìlú Salvador, wọ́n bá àwọn Potogí tí ń bọlá fún Olúwa wa lórí àgbélébùú ní orúkọ Nosso Senhor do Bonfim, èyí ni Olúwa wa ti Òpin Rere. Ọdún 1745 ni wọ́n gbé ère rẹ̀ dé láti ilẹ̀ Potogí, wọ́n sì gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ní ọdún 1754. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Janúárì, ẹrú àti òmìnira a máa tú jáde síta fún àjọ̀dún náà.

Ní àsìkò àjọ̀dún yìí gan-an, ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 25 oṣù Janúárì ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó dìde ogun ní Salvador láti gba ara wọn sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọmọ ogun ìjọba ti ṣẹ́gun wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n sì lé púpọ̀ kúrò ní ìlú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti ra ara wọn padà, àti onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, rí i pé kò sí àlàáfíà fún àwọn níbẹ̀ mọ́. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì padà sí Wídà, Agwé, Àjàṣẹ́ àti Èkó.

A kò gbọdọ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wọn wá ṣe. Àwọn kan jẹ́ bíríkìlà, àwọn kan jẹ́ káfíńtà, àwọn kan sì jẹ́ aránṣọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣe òwò ẹrú. Francisco Félix de Souza tí wọ́n ń pè ní Chachá ní Wídà, tí ó kú ní ọdún 1849, inú òwò yìí ni ó ti di ọlọ́rọ̀. Joaquim d'Almeida ti Agwé ti ṣe ẹrú rí ní Bahia. Síbẹ̀ òun náà ra ẹrú, ó sì tà wọ́n. Òun kan náà ni ó kọ́ ilé àdúrà sí Agwé. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero gúnlẹ̀ sí Wídà ní oṣù Épírì ọdún 1861, ó bá àwọn tí ó ti gba ìrìbọmi, tí wọ́n ń gbàdúrà ní èdè Potogí. Ọdún 1864 ni àwọn fadá tẹ̀dó sí Àjàṣẹ́.

Irú ìlù wo wá ni àwọn Àgùdà mú bọ̀? Ìlù onígun mẹ́rin ni, tí a fi pákó pẹlẹbẹ mẹ́rin kàn, tí a sì bo awọ lé. Àwọn Potogí ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní adufe, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni wọ́n sì ti gba òun àti orúkọ rẹ̀. Ní Èkó, sámbà ni orúkọ ìlù náà, òun ni àwọn onígbàgbọ́ sì fi ń ṣe orin àṣíkò láyé àtijọ́. Ní Àjàṣẹ́ àti Wídà, bùríyàn ni ó ni ín: eré ìgboro tí orúkọ rẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ Potogí wá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré. Ẹṣin, màlúù àti òmìrán obìnrin a máa jó nínú rẹ̀, ọmọdé a máa sá fún wọn, wọn a sì tún máa tẹ̀ lé wọn.

Nínú oṣù Janúárì, àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ a máa ṣe àjọ̀dún Bonfim. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ìlù a gba ìgboro. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọn a lọ sí Mísà, pẹ̀lú ọ̀já aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ìyeyè ilẹ̀ Bràsíìlì ní ọrùn. Lẹ́yìn náà, wọn a jẹ feijoada, èyí tí í ṣe ẹ̀wà tí a fi ẹran sè.

Kí ni ó mú kí ìlù yìí wọ ọkàn wa tó bẹ́ẹ̀? Àwa Yorùbá kò ṣe aláìní ìlù. Ṣùgbọ́n dùndún a máa fọhùn. Ó mọ ọmọ ọba, ó mọ ọmọ olówó, ó sì ń ki olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ilé tí ó ti wá. Ẹni tí kò ní oríkì, ìta ni ó dúró sí. Sámbà kì í ki ẹnikẹ́ni. Kò bèèrè ẹni tí baba rẹ jẹ́. Ẹni tí ó bá lè pàtẹ́wọ́, tí ó sì lè gbe orin, ti wọlé ná. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa: nínú agbo kan náà ni ọmọ ẹni tí a tà àti ọmọ ẹni tí ó tà á ti ń jó. Ìlù tí ó bá mọ oríkì yóò tú ọ̀rọ̀ náà jáde lójú agbo. Ìlù tí kò mọ̀ ọ́n ni ó fi ààyè sílẹ̀ fún wọn láti di ará.

Ní Bahia náà, ìlù ìgboro kò rí ààyè bọ̀rọ̀. Ní ọdún 1905, ọlọ́pàá fi òfin de àwọn ẹgbẹ́ onílù aláwọ̀ dúdú ní àkókò kàánífà. Òfin kò pa ìlù. Ní ọdún 1974, àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ Ilê Aiyê sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ pé Ilé Ayé ni. Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ Olodum tẹ̀ lé e, inú orúkọ Olódùmarè ni wọ́n sì ti fa tirẹ̀ yọ. Àdúgbò Pelourinho ni Olodum ti ń lu ìlù, ìtumọ̀ orúkọ náà sì ni òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà án. Ní ẹ̀bá ibẹ̀ kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá wa ti Ìlẹ̀kẹ̀ Àdúrà wà, ti ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1685. Wọ́n ń fi ìlù ṣe Mísà níbẹ̀. Níbi tí pàṣán ti ró rí, ìlù ni ó ń ró.

Ìjọ Mímọ́ fúnra rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn. Ìwé tí Ìpàdé Mímọ́ Vatican Kejì gbé jáde lórí ìsìn, ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1963, sọ pé kí a bọ̀wọ̀ fún orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn, kí a sì lò ó bí ó ti yẹ. Ẹrù tí ó kù, ọ̀dọ̀ wa ni ó wà. Orin bùríyàn, èdè Potogí ni. Àwọn tí ń kọ ọ́ pọ̀, àwọn tí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ kò tó nǹkan. Bí ọwọ́ bá mọ ìlù tí etí kò mọ ọ̀rọ̀, ariwo lásán ni yóò kù fún àwọn ọmọ wa. Nítorí náà, a bẹ àwọn ìdílé Àgùdà kí wọ́n kọ orin wọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láàyè. A sì bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ kí ẹ jókòó ti àwọn àgbà onílù, kí ẹ gba ọwọ́ ìlù náà, kí ẹ sì gba ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn, àti èyí tí ó dùn, àti èyí tí ó korò.

Kí Olúwa wa ti Òpin Rere pa wá pọ̀ nínú agbo kan, kí ó sì fún olúkúlùkù wa ní òpin rere. Àmín.