Ìbéèrè Ọmọdé Nípa Ìgbé-Ayé Lójú Òfuurufú

Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú fún àwọn ọmọdé ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ìbéèrè wọn kì yóò pẹ́ jáde: Kí ni wọ́n ń jẹ? Ibo ni wọ́n ń sùn sí? Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ̀? Kò yani lẹ́nu. Ọmọ tí ó dàgbà létí ọ̀sà ti rí apẹja tí ń di oúnjẹ àti omi mímu sínú ọkọ̀ rẹ̀; ó mọ̀ pé inú ọkọ̀ kì í ṣe inú ilé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ a máa pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́, a ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ìtàn kò gbè wá lẹ́yìn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1961, Alan Shepard, ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó dé òfuurufú, jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí tí ó lé ní 4 kí wọ́n tó tanná sí i. Nítorí pé ìrìn-àjò náà kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, kò sí ẹni tí ó pèsè fún ìtọ̀. Inú aṣọ ni ọkùnrin náà tọ̀ sí. Ohun tí ọmọdé ì bá kọ́kọ́ béèrè ni àwọn ọ̀mọ̀ràn gbàgbé.

Ní oṣù kejì ọdún 1962, John Glenn yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fún èso ápù lílọ̀ sẹ́nu láti inú ohun tí ó dà bí ilé ọṣẹ ìfọyín, nítorí àwọn oníṣègùn kò mọ̀ bóyá oúnjẹ lè gba ọ̀fun kọjá níbẹ̀. Kánò, ní ilẹ̀ wa, wà lára àwọn ibùdó tí ó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Abubakar Tafawa Balewa jókòó sínú ọkọ̀ òkun Kingsport ní èbúté Èkó, ó bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Ìtàn yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan.

Ní ọdún 1965, John Young yọ búrẹ́dì tí a fi ẹran há láàárín nínú ọkọ̀ Gemini 3. Èérún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri, wọ́n sì yára fi í pamọ́. Ìdí ni pé ọkọ̀ àti ohun gbogbo inú rẹ̀ jọ ń já bọ̀ yí ayé po, ni gbogbo wọn fi ń léfòó bí òṣíbàtà. Nínú ibùdó tí àwọn ènìyàn ti ń gbé láìdáwọ́dúró láti ọdún 2000, inú àpò tí a so mọ́ ògiri ni wọ́n ń sùn sí. Ẹ̀rọ ni í fa ìtọ̀ wọn. Láti ọdún 2008 ni wọ́n sì ti gbé èyí tí ń sọ ọ́ di omi mímu lọ síbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kò sí èyí tí èdè Yorùbá kò lè sọ nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá béèrè lọ́la pé, "Tíṣà, níbo ni wọ́n ń tọ̀ sí?", ẹ má ṣe nawọ́ sí pàṣán. Ẹ dá a lóhùn.