Kí Mọ́tò Tó Ní Òrùlé

Bí ẹ bá rí mọ́tò kékeré kan tí kò lórùlé, tí ó ń ti Ìkẹ́nnẹ́ bọ̀ wá sí Ṣàgámù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí lẹ máa kọ́kọ́ sọ? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ọmọ olówó kan ló ń ṣe fàájì. Àwọn mìíràn á ní irú ọkọ̀ yẹn ò bá ilẹ̀ wa mu rárá: òrùn ń bẹ, òjò ń bẹ, kòtò sì pọ̀ lọ́nà. Ọ̀rọ̀ wọn jọ òótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ò gbè é. Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ tó fúyẹ́, tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ni ọkọ̀ iṣẹ́. Òun ni wọ́n ń gbé jáde lójoojúmọ́, lórí ọ̀nà tó burú ju èyí tí à ń ráhùn sí lónìí lọ. Kí ló wá dé tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi di nǹkan ìṣeré? Ìbéèrè tí a fẹ́ tú wò nìyẹn, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kan àwọn tí kò ní mọ́tò rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí rélùwéè. Láti 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Ìbàdàn. Abẹ́òkúta ló gbà kọjá, kò ya Rẹ́mọ. Ẹni tó bá ní epo tàbí ẹ̀kùrọ́ láti tà ní Ṣàgámù, ní Ìpẹru tàbí ní Ìṣarà, orí ni yóò fi rù ú dé Ìkòròdú, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e sọdá ọ̀sà lọ sí Èkó. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ mọ́tò bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ lásán fún àwọn ará Rẹ́mọ. Ọrùn èèyàn ló ń sinmi.

Ọ̀nà tí ó lọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là ní 1906, ni gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀dà wà lórí rẹ̀ o. Ilẹ̀ pupa àti yangí ni ọ̀nà ayé ìgbà yẹn, igi ni wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀pọ̀ afárá. Àwọn lọ́rì tó kọ́kọ́ ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wúwo gan-an. Rọ́bà líle tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú ni táyà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí òjò bá ti rọ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń hú ọ̀nà bí ìgbà tí èèyàn ń kọ ebè. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ọkọ̀ ń ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀nà náà ń ba ọkọ̀ jẹ́.

Amẹ́ríkà ni ojútùú ti wá. Ní oṣù kẹwàá 1908 ni Henry Ford gbé Model T jáde. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1909, ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ yìí pamọ́ ná, a máa padà síbẹ̀.

Model T ò ju nǹkan bíi 550 kìlógíráàmù lọ. Agbára ẹṣin 20 péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kó tó jí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ò ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, aṣọ nípọn tó ṣeé ká sẹ́yìn ni òrùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ga nílẹ̀, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fúyẹ́ débi pé bí ó bá rì sínú ẹrẹ̀, àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan lè gbé e jáde. Ó tún ní àṣà kan tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Epo inú rẹ̀ ò ní ẹ̀rọ tó ń fà á lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ńṣe ló ń ṣàn lọ fúnra rẹ̀. Bí òkè bá wá ga jù, tí epo ò sì pọ̀ nínú táńkì, epo ò ní dé ẹ́ńjìnnì mọ́. Dírẹ́bà á yí mọ́tò padà, á fi ẹ̀yìn gun òkè náà. Kò sí ohun tó kàn án bí wọ́n bá ń wò ó.

Owó rẹ̀ náà ń wálẹ̀. Èyí tó gbérò márùn-ún jẹ́ $850 nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó fi máa di 1925, ó ti di $290. Kí wọ́n tó dá a dúró ní 1927, ó ti lé ní mílíọ̀nù 15. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àwọn lọ́rì Ford tó fúyẹ́ yìí gba ọ̀nà mọ́ àwọn lọ́rì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n lè kọjá níbi tí àwọn yẹn ti ń rì.

Lẹ́yìn náà ni àwọn káfíńtà wa dá sí i. Olówò á ra egungun ọkọ̀ láti òkè òkun, ìyẹn ẹ́ńjìnnì, táyà àti irin abẹ́ rẹ̀, káfíńtà á sì fi pákó kọ́ ilé lé e lórí. Ibẹ̀ la ti rí bọ̀lẹ̀kájà. Òrùlé pákó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yàà. Ohun tí à ń wò nínú ìyẹn ni pé ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀ ò parẹ́ lójijì. Ó gba òrùlé nítorí òjò àti ẹrù, ó sì fi ojú fèrèsé sílẹ̀ nítorí ooru. Àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ ló pinnu.

Mọ́tò yìí náà ló sọ obì Rẹ́mọ di ọjà ńlá. Láti inú oko yíká Ṣàgámù ni lọ́rì ti ń kó gbàǹja, àwọn Hausa oníṣòwò tó wá tẹ̀dó sí Sábó ń rà á, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí òkè ọya. Ìlú tí rélùwéè ò yà wá di ibi tí ọkọ̀ ò lè ṣe kó má yà.

Ibí ni ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa ti wọlé. Kí Awólọ́wọ̀ tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní London ní 1944, ó ti ṣòwò kòkó, ó ti ṣòwò mọ́tò, ó sì ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onímọ́tò, Nigerian Motor Transport Union. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn lọ́rì ń gba èrò àti ẹrù mọ́ rélùwéè lọ́wọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi owó láísẹ́ńsì tó ga le wọn. Ẹgbẹ́ náà bá ìjọba fà á. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: láàárín ọgbọ̀n ọdún, lọ́rì onípákó ti ń dẹ́rù ba ọkọ̀ ojú irin.

Àmọ́ lókè òkun, nǹkan ti ń yí. Ní Amẹ́ríkà, nínú mọ́tò 100 tí wọ́n tà ní 1919, nǹkan bíi 10 péré ló ní òrùlé tó le. Nígbà tó fi di 1927, ó ti di nǹkan bíi 85. Irin ti rọrùn láti fi ṣe ara mọ́tò, iye owó olórùlé sì ti sún mọ́ ti aláìlórùlé. Láti ìgbà náà, mọ́tò olórùlé ni ilé iṣẹ́ ń fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí kò ní, á lọ wá a lọ́tọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló di ojúko irú rẹ̀: MG, Triumph, Austin-Healey, àwọn mọ́tò kékeré eléré tó gba èèyàn méjì.

Sísáré àti dídán mọ́tò wá di orúkọ oyè. Nígbà tí Cyprian Ekwensi kọ ìwé Jagua Nana ní 1961, orúkọ mọ́tò Jaguar ni wọ́n fi ń pe obìnrin inú ìwé náà, nítorí pé ó gbáfẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọmọ rẹ̀ ní bọ̀lẹ̀kájà.

Ọ̀nà fúnra rẹ̀ tún fi ẹsẹ̀ kọ àwọn mọ́tò eléré yẹn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà. Ẹni tó bá jókòó sínú MG tó rẹlẹ̀, lẹ́yìn lọ́rì, lọ́wọ́ ọ̀tún, kò lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú àfi bí ó bá ti yọ gbogbo mọ́tò síta. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Peugeot 504 tí gbogbo wa mọ̀ ní ẹ̀yà kan tí kò lórùlé, wọ́n ń ṣe é ní Yúróòpù láti 1969. Èyí tó lórùlé ni Kàdúná ń tò. Èrò márùn-ún àti àpótí ló wà lọ́kàn wa.

Ní 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó jẹ́ kìlómítà 127 àti díẹ̀, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ Ṣàgámù kọjá. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ṣàgámù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni tírélà ti di aládùúgbò wa.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ará Japan jí ohun tó fẹ́ kú. Ní 1979, Bob Hall, oníròyìn mọ́tò ará Amẹ́ríkà, ti sọ fún Kenichi Yamamoto ní Mazda pé kí wọ́n ṣe mọ́tò kékeré tó fúyẹ́ bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Oṣù kejì 1989 ni wọ́n fi MX-5 han ayé ní Chicago. Kò tó 1,000 kìlógíráàmù. Nígbà tó máa fi di 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan.

Ọ̀rẹ́ wa kan tí òun náà ń kọ kóòdù ń lo irú rẹ̀, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, láti Ṣàgámù lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lójoojúmọ́. Òjò kọ́ ni ìṣòro rẹ̀: aṣọ orí rẹ̀ ń bò kí òjò tó tú sílẹ̀ dáadáa. Òrùn kọ́: àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí i, ọ̀sán ó bò ó. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ò sì pa á lára, bí ọlọ́kadà kan ṣe bi í pé, “Brọ̀dá, ṣé owó ò tó ra òrùlé ni?” Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni kòtò tó lè gba ìdajì táyà, àti tírélà tí dírẹ́bà rẹ̀ ò lè rí i nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Kòtò yẹn ní ìṣirò. Láàárín 1958 sí 1960, àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà ń wa ọkọ̀ ẹrù yípo lórí ọ̀nà ìdánwò kan ní Illinois. Wọ́n rí i pé bí ẹrù tó wà lórí ọ̀pá táyà kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún ọ̀nà ń di nǹkan bí ìlọ́po 16. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí àwa oníkóòdù ṣe ń ṣe é. Ọ̀pá táyà MX-5 ń gbé nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù. Ti tírélà tó kẹ́rù lè gbé 10, ìyẹn ìlọ́po 20. Ẹ fi 20 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin: 160,000. Àwọn tó ń gbé lọ́rì wúwo wá nígbà yangí ti rí i kí ìdánwò yẹn tó dé. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ kì í ba ọ̀nà jẹ́, òun ni ọ̀nà tó bàjẹ́ ń lé lọ.

Nígbà tí ọ̀nà bá sì bàjẹ́, ẹni tó lówó á ra ọkọ̀ tó ga, tó wúwo, tí yóò dáàbò bo òun nìkan. Ojú ọlá la fi ń wo ìwúwo yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ló bí i. A ò ní sọ pé kò mọ́gbọ́n dání. Ọ̀nà ilẹ̀ Rẹ́mọ ti gba ẹ̀mí tipẹ́: lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àtijọ́, nítòsí Òde Rẹ́mọ, ni Adégòkè Adélabù ti kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958.

Ṣùgbọ́n ta ni kò lè ra ọkọ̀ ńlá yẹn? Ọkọ̀ aláìlórùlé tó fúyẹ́ jù lọ ṣì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ní Ṣàgámù, ní Ìpẹru, ní Ìlíṣàn. Ọ̀kadà ni. Ìyá aláṣọ ń gùn ún lọ ọjà, ọmọ ilé ìwé ń gùn ún, òjò ń pa wọ́n, tírélà sì ń fẹ́ eruku sí wọn lójú. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n bóyá ilẹ̀ yìí gba ọkọ̀ aláìlórùlé.

Ìdí nìyí tí a ò fi ka mọ́tò ọ̀rẹ́ wa sí ìṣeré. Ọjọ́ tí ó bá lè lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ kí ó sì padà láìfòyà, ọ̀nà yẹn ti dára tó fún ìyá aláṣọ náà. Orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ mọ́tò ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ohun tó ń yọ́ lọ jẹ́ẹ́. Bí ọ̀nà bá jẹ́ kó yọ́, ó ṣì lè yọ́.