Ìlà Ìròyìn Inú Kọ̀ǹpútà: Iṣẹ́ Per Brinch Hansen

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òwe yìí kọ́ ìránṣẹ́ lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ti ẹni tó rán ni níṣẹ́ rò? Bí ẹni tó ránṣẹ́ sí bá ti kó kúrò nílé, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà wá sọ fún un, yóò dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1969, Per Brinch Hansen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ojútùú sí i.

Ilé-iṣẹ́ Regnecentralen ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ yìí ló ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní RC 4000. Ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ajílẹ̀ ní ìlú Puławy, lórílẹ̀-èdè Poland. Níbẹ̀, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kó sì máa tẹ àkọsílẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í yára. Bí ètò tó ń ṣọ́ iṣẹ́ bá ní láti dúró dè é ní gbogbo ìgbà, ta ni yóò máa ṣọ́ ilé-iṣẹ́?

Oníbàárà kọ̀ọ̀kan tún fẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Nítorí náà, Brinch Hansen kò kọ ètò ńlá kan ṣoṣo tí yóò ṣe ohun gbogbo. Ètò kékeré kan ló fi ṣe ìpìlẹ̀, èyí tí ó ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ètò kan fún òmíràn. Ètò ìpìlẹ̀ yìí yóò fi ìròyìn náà sínú àpò kan, yóò sì tò ó sórí ìlà ẹni tó ni ín, lẹ́yìn àwọn tó ti dé ṣáájú. Ẹni tó ránṣẹ́ lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọwọ́ ẹni tí a ránṣẹ́ sí bá dilẹ̀, yóò mú èyí tó kàn, yóò ṣe é, yóò sì fi èsì ránṣẹ́ padà nínú àpò kan náà.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí ti wù mí jù nìyí: bí wọ́n bá ti yọ ètò tí a ránṣẹ́ sí kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ètò ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dá èsì padà pé ẹni náà kò sí mọ́. Àwọn àpò náà sì níye. Nítorí náà, wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye tí ètò kan lè lò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má baà kó gbogbo rẹ̀ tán mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, Brinch Hansen ṣàlàyé iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn Communications of the ACM. RC 4000 ti di ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n ìlà ìròyìn kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní 1993, IBM gbé MQSeries jáde, ètò tó ń fi ìlà gbé ìròyìn láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Àwọn ilé ìfowópamọ́ wà lára àwọn tó ń lò ó.

Nínú ìtàn kọ̀ǹpútà, iyára ni a sábà máa ń yìn. Lójú tèmi, ó yẹ kí a yin àwọn tó ro ti ẹni tó ń retí èsì pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti fi owó ránṣẹ́ rí, tí wọ́n yọ ọ́ lára tirẹ̀, tí kò sì gbọ́ bóyá ó dé, mọ̀ pé kí wọ́n sọ pé kò dé sàn ju kí wọ́n dákẹ́ lọ.